Èsì Tí Hannes Kò Fún Lempi

Rantapolku 7,
Varkaus,
Finland.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 2026.

Outi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Sverre ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn rìn, àbí ó ṣì ń jókòó sórí àga tó ń pàṣẹ fún yín bí ọ̀gá ọlọ́pàá? Tiril, ọmọ mi, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù? Ẹ kú òtútù o, ẹ kú òkùnkùn ọjọ́ pípẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá. Mo gbọ́ pé oòrùn ti padà sọ́dọ̀ yín ní Tromsø, mo sì bá yín yọ̀. Níbí, yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé ìdáná mi, adágún ṣì dì gbagidi, àwọn ọkùnrin ṣì jókòó káàkiri orí rẹ̀ tàwọn tìwọ̀ ẹja, bí ẹni tí ìyàwó lé jáde nílé.

Bí o bá bèèrè tèmi, mo ti ń jókòó, mo sì ti ń mu kọfí láìbì. Òtútù àyà ló mú mi, kì í ṣe ọ̀fìnkìn tí mo sọ fún ọ. Mo parọ́ fún ọ torí nọ́ọ̀sì ni ọ́, mi ò sì fẹ́ kí o máa pàṣẹ fún mi láti òdìkejì ààlà. Oògùn ti tán, ikọ́ ló kù, pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi tó ṣì wú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkọ̀wé mi fi rí báyìí, má bínú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti bi mí pé kí ló dé tí ẹnu Hannes fi ṣófo lójú-ìwé tó jáde lóṣù tó kọjá, mi ò sì dá ọ lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ju ti fóònù lọ ni mo ṣe mú bírò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ọ̀rẹ́ mi, ó ju èje lọ.

O mọ bí èmi àti Tuomo àbúrò mi ṣe ń ṣiṣẹ́ wa, àmọ́ jẹ́ kí n tún un sọ, torí inú rẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ wà. Ọdún mẹ́fà la fi ń gbé ìtàn aláwòrán wa jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú-ìwé kan ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi ni mo ń ya àwòrán, Tuomo ló ni ọ̀rọ̀. Lempi ń wa bọ́ọ̀sì tó ń yá àwọn ará abúlé níwèé. Ní ibùdó kan báyìí, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Hannes máa ń dúró dè é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á wọlé, á yẹ ìwé wò, á bá Lempi tàkúrọ̀sọ, á sì sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Kò yá ìwé kankan rí. Gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn làwọn òǹkàwé fi ń bára wọn jiyàn nísàlẹ̀ ojú-ìwé lórí ohun tó fà á. Èmi tí mo ń ya ojú bàbá náà gan-an, mi ò mọ̀. Tuomo kì í sọ. Ní ọjọ́ Ajé á yà sílé mi lẹ́yìn iṣẹ́, á mu kọfí ife méjì, á fa ojú-ìwé sọ́dọ̀, á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sínú àwọn àyè róbótó funfun tí mo fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Èmi á máa na ọrùn wò ó bíi ti òǹkàwé yòókù. Bí mo bá bi í léèrè nípa Hannes, á ní kí n lọ bi Hannes.

O wà níbẹ̀ nígbà tí a sin Tuomo lóṣù Kẹwàá, mi ò ní tún ọgbẹ́ yẹn dá. Níbi oúnjẹ ìsìnkú ni mo ti sọ fún ọ pé ó fi ọ̀rọ̀ ojú-ìwé mọ́kànlá sílẹ̀ nínú ìwé kékeré rẹ̀, pé màá yà wọ́n, màá gbé wọn jáde, màá sì sọ fún àwọn òǹkàwé pé ó ti lọ. O dì mọ́ mi, o ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí.

Outi, mi ò sọ fún wọn. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé Tuomo ti kú.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo mú ọ̀rọ̀ ojú-ìwé kan, mo pín in sí méjì. Níbi tí Lempi ti yẹ kó sọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó kọ́kọ́ nu gíláàsì bọ́ọ̀sì ní odindi ojú-ìwé kan. Mo ya yìnyín tó ń já bọ́ sórí òrùlé. Mo ya ẹyẹ. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn bá tán, ohùn àbúrò mi tán láyé nìyẹn, ìyẹn ni mo ṣe ń ṣọ́ ọ jẹ, bí ẹni tó ń lá oyin tó kù nísàlẹ̀ ìgò. Ìkọ̀wé rẹ̀ ńkọ́? Mo jí i. Mo ń gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ojú-ìwé àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo ń tò wọ́n pọ̀ títí wọ́n á fi di ọ̀rọ̀. Gbólóhùn márùn-ún lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Ojú mi ń ṣomi, ọrùn ọwọ́ mi ń ta mí, mi ò dáwọ́ dúró. Inú iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo ti ń rí i pé mo ṣì ní àbúrò.

Àwọn òǹkàwé ò gọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìtàn náà ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní bí Lempi bá tún nu gíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á wá gba rágì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, mi ò lè parọ́. Lóṣù Kìíní, ọ̀kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Koivu wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti bí oṣù mẹ́ta, àwọn lẹ́tà inú ìtàn wa ti ń jọra jù, pé k kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, k kan náà yẹn ló sì ń padà wá ṣáá. Ó bèèrè pé ṣé Tuomo ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ni? Mo fèsì pé ọwọ́ ń dun Tuomo, pé ara rẹ̀ ò yá, ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ la ń lò.

Wọ́n wá ń kí i. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ó lé lọ́jọ́ kan ń kí òkú pé ẹ kú ara àìle, ẹ rọra o, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sinmi. Ìyá àgbà kan láti Lieksa hun ìbọ̀wọ́ onírun ránṣẹ́ sí i, èyí tí kò ní ìka, pé kó máa fi bo ọrùn ọwọ́. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ìbọ̀wọ́ náà bojú, mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà mo wọ̀ ọ́, torí ọwọ́ tèmi ló ń dùn mí ní tòótọ́. Ojú tì mí, mo sì wọ̀ ọ́ náà.

Nígbà tó di oṣù Kejì, àìsàn tí mo fi parọ́ wá mú èmi fúnra mi. Ọwọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ikọ́ tẹ̀lé e, ibà wá gùn mí. Màmá wọ bọ́ọ̀sì láti Leppävirta, wọ́n gbé ìkòkò wọn dání, bí ẹni pé èmi ò ní ìkòkò. O mọ Màmá. Wọn ò ka ìtàn wa rí. Nígbà ayé Tuomo, wọ́n máa ń sọ pé àwọn ò mọ irú iṣẹ́ tí ọkùnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún ń ṣe, tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwòrán. Tuomo á kàn rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i fún òun.

Ojú-ìwé tí o ń bèèrè nípa rẹ̀, àṣìṣe ni. Ìparí ìwé kékeré Tuomo ni mo ti bá a. Lempi bi Hannes nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín pé, “Kí ló dé tí ẹ ò fi yá ìwé rí, bàbá?” Tuomo wá fi bírò fa òbírí kan sábẹ́ rẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló parí sí. Mo ya ojú-ìwé náà pẹ̀lú ẹnu Hannes tó là sílẹ̀ àti àyè funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé e pamọ́, torí mi ò mọ ohun tí mo lè fi sí i. Ojú-ìwé mìíràn ni mo fẹ́ gbé jáde, èyí tí bọ́ọ̀sì ti ń fi ẹ̀yìn rìn nínú yìnyín. Ibà ń gùn mí, mo tẹ èyí tí kò yẹ kí n tẹ̀, mo sì lọ sùn. Nígbà tí mo fi jí lọ́sàn-án, irinwó ènìyàn ó lé ti fèsì. Wọ́n rò pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, pé àwọn la fẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ Hannes. Kálukú ti ń sọ tirẹ̀.

Ojú ń dùn mí débi pé mi ò lè ka nǹkan kan, ni Màmá bá fi awò sójú, wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ń kà á fún mi. Wọ́n ń kà á bí ẹni tó ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan ní Hannes ti ka gbogbo ìwé tó wà nínú bọ́ọ̀sì tán. Ẹlòmíì ní Lempi ló ń wá wò, ta ló ń wá ìwé? Òmíràn ní ajá rẹ̀ jẹ ìwé kan lọ́dún 1962, ojú ṣì ń tì í. Màmá rẹ́rìn-ín títí awò wọn fi bọ́. Àfi ìgbà tí wọ́n dé orí èyí tí ẹnì kan kọ pé: bọ́ọ̀sì máa ń padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó bá sì yá ìwé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti dá a padà, kò dá Hannes lójú pé òun á wà níbẹ̀.

Màmá ò ka èyí tó kàn. Mo rò pé ojú ló rẹ̀ wọ́n. Wọ́n yọ awò, wọ́n pa á dé, wọ́n ní, “Ohun tó sọ fún mi náà nìyẹn.”

Mo ní, “Ta ló sọ ọ́, Màmá?”

“Tuomo. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun ò fi ní fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò lè yá ohun tí òun ò ní lè dá padà.”

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, Outi, nínú bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ibà. Nígbà ìrúwé ọdún tó kọjá ni wọ́n ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé ọkàn rẹ̀ ò dáa, pé ó lè dáwọ́ dúró nígbàkugbà, pé iṣẹ́ abẹ wà àmọ́ ẹlòmíì kì í jí níbẹ̀. Ó ní òun á rò ó. Ó sọ fún Màmá lóṣù Karùn-ún, ó sì mú wọn búra pé wọn ò ní sọ fún mi, torí mo máa gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀, màá wá máa wo òun bí ẹni ń wo òkú. Màmá gbé e mì. Oṣù márùn-ún ni Tuomo fi ń wá sílé mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ó ń mu kọfí mi, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu Hannes, èmi ń bá a ṣàwàdà pé ó ti ń sanra.

Mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ fún ìyá rẹ̀. Mo ní àwọn ló pa á. Mo ní bí wọ́n bá ti sọ fún mi, mi ò bá ti wọ́ ọ lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ yẹn, mi ò bá má jẹ́ kó gbé igi ìdáná kan ṣoṣo. Mo ní kí wọ́n gbé ìkòkò wọn, kí wọ́n máa lọ sílé. Màmá lọ sí ìdáná, mo gbọ́ tí wọ́n ń fọ ìkòkò náà, wọ́n fọ̀ ọ́ fún àkókò gígùn, wọn ò sì lọ. Odindi ọjọ́ méjì la fi wà nínú ilé kan náà láìsọ̀rọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ ẹja sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n á kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á padà.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ ohùn wọn ní pálọ̀. Mo rò pé wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo dìde, mo fi ọwọ́ gbá ògiri mú dé ẹnu ọ̀nà. Màmá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ń ka ìtàn wa sókè láti ojú-ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n ń ṣe ohùn Lempi, wọ́n ń ṣe ohùn Hannes. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kà á, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọdún kẹta. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n ní, “Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ báyìí, èmi ń bú u pé ó ń fi àkókò ṣòfò.” Wọ́n wá bú sẹ́kún. Mi ò rí kí Màmá sunkún nígbà ìsìnkú, ìwọ náà rí i pé wọn ò sun ún. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n lórí kápẹ́ẹ̀tì tán ni mo rí i pé mi ò lè dìde mọ́, Màmá ló fà mí sókè.

Orí kápẹ́ẹ̀tì yẹn ni ojú mi ti là. Irọ́ kan náà ni èmi àti Màmá ń pa lórí ọmọ kan náà. Wọ́n ní ara rẹ̀ le nígbà tí kò le, èmi ní ó wà láàyè nígbà tó ti kú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiwa ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó kàn rẹ̀ wá ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ ìlà mẹ́rin síbi tí ojú-ìwé máa ń wà. Mo ní Tuomo kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, ọwọ́ kankan ò dùn ún, èmi ni mo ń to lẹ́tà rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n dárí jì mí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Àwọn kan bínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìyá àgbà Lieksa kọ ọ́ pé kí n má fi ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́ padà o. Koivu ní tiẹ̀ kọ ọ́ pé òun ti fura láti oṣù Kìíní, pé òun dákẹ́ torí ó dà bíi pé mo ṣì nílò rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí Koivu jẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n mo gbàdúrà fún un.

Ojú-ìwé tó jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ìjẹta ni ìkẹyìn. O ti rí i. Ìkọ̀wé tèmi ló wà níbẹ̀, ó rí jákujàku, mo mọ̀. Mo jẹ́ kí Hannes sọ ohun tí Tuomo sọ fún Màmá, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Èsì tí Lempi máa fún un ni mi ò rí. Odindi ọ̀sán ni mo fi jókòó tì í. Màmá ń bó ànàmọ́, wọn ò tiẹ̀ wojú mi, wọ́n ní, “Kó fún un níwèé náà. Kó ní kó má dá a padà.” Bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo sùn lẹ́yìn náà, mo sun wákàtí mẹ́rìnlá.

Màmá kí ọ, wọ́n ní kí o kí Sverre pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Fẹnu kan Tiril lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì wúwo jù. Màmá ní kí Tuomo tó sọ fún àwọn, ó ti kọ́kọ́ gbé bébà ilé ìwòsàn náà lọ fún ẹnì kan tó mọ̀ nípa ọkàn, torí kò yé e. Ọdún Àjíǹde ni, wọ́n ní. Ọ̀dọ̀ rẹ ni Tuomo ti ṣe ọdún Àjíǹde, Outi. Mo sì rántí pé lọ́jọ́ ìsìnkú, o di ọwọ́ mi mú títí, o ò sì wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pè é ní ìbànújẹ́ nígbà náà. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kì í tú àṣírí aláìsàn, mo sì mọ bí àbúrò mi ṣe ń bẹ ènìyàn títí ènìyàn á fi gbà. Bí o bá mọ̀, má kọ ọ́ sínú lẹ́tà, má sì pè mí lórí fóònù. Wọ ọkọ̀, kí o wá jókòó níwájú mi, kí o sọ ọ́. Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní bínú, mo tiẹ̀ lè pariwo mọ́ ọ. Lẹ́yìn náà a máa jẹun. Àwa tí Tuomo fẹ́ràn ò ju mẹ́ta lọ, mi ò sì lágbára láti pàdánù ẹnì kan sí i.

Bí o ò bá sì mọ̀, ṣáà máa bọ̀.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ, bó ti wù kó rí,
Saija.